Hóòsì Ọ́ìlì àti Wáyà Ẹ́ẹ̀tì: Ta Ni Kí Ó Sanwó?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò ẹ̀ka, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ hóòsì kan ni, tí kò gùn ju apá ọmọdé lọ, àti ọ̀rọ̀ wáyà kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í bojú wò. Àwọn nǹkan méjì yìí ni ó ń pa ẹ́ńjìnnì àwọn Sienna wa, àwọn náà ni ó sì ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín awakọ̀ àti ọlọ́kọ̀. Èrò tiwa ni pé ọlọ́kọ̀ ni ó yẹ kí ó sanwó wọn, kí ó sì san án kí wọ́n tó bàjẹ́ tán. A ó sọ ìdí rẹ̀.

Gbogbo wa mọ̀ pé Sienna ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Peugeot 504 ní ọ̀pọ̀ gáréèjì. 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, gíá ọwọ́ ni èyí tí ó ń kó èrò ń lò, kò sí hóòsì tí ó ń gbé ọ́ìlì gíá lọ sí rédíétọ̀. Awakọ̀ tí ó bá dàgbà sí 504 lè má mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n Sienna ń yí gíá fúnra rẹ̀, ọ́ìlì gíá náà sì ní láti jáde lọ sí ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ kí ó lọ tutù, kí ó tó padà. Àwọn kan tún wà nínú èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà mẹ́ta àbọ̀, ti 2007 sí 2010, tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì gan-an ń gba inú hóòsì lọ síwájú ọkọ̀ láti tutù. Òmíràn tún wà, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì lápá ibi tí fánbẹ́ẹ̀tì wà, irin ni lókè àti nísàlẹ̀, rọ́bà ni láàárín. Ní Amẹ́ríkà, Toyota fúnra rẹ̀ rí i pé rọ́bà àárín yẹn ń bẹ́, wọ́n sì ṣe ètò láti bá àwọn ènìyàn fi èyí tí ó jẹ́ irin látòkè délẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Nínú àwọn tókúnbọ̀ tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, a ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì àwọn kan tí a rí irin, a sì ti ṣí òmíràn tí rọ́bà àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ń ra ọkọ̀ a máa gbá táyà, a máa dán ẹ̀rọ amúlétutù wò, a sì máa béèrè bóyá wọ́n ti tún un kùn. Ẹ bá wa sọ fún un kí ó wo páìpù yẹn pẹ̀lú. Kò gba ju kí ènìyàn tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tí hóòsì náà ń ṣe. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré lórí títì márosẹ̀, agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń ti ọ́ìlì kiri lè wà láàárín páùnù 40 sí 60. Afẹ́fẹ́ tí fọ́kànáísà ń fún sínú táyà Sienna wà ní nǹkan bí páùnù 35. Èyí ni pé ohun tí ó wà nínú hóòsì ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì le ju ohun tí ó wà nínú táyà lọ, ó sì lè gbóná ju omi híhó lọ. Ta ni nínú wa tí yóò fi okùn rọ́bà di táyà tí ó bẹ́, kí ó sì kó èrò sí i lọ sí Ìlọrin? Síbẹ̀ ohun tí a ń ṣe sí hóòsì nìyẹn. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù pàápàá, nígbà tí ọ́ìlì ṣì ki, agbára náà a máa ga ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí hóòsì tí ó sùn láìbẹ́ fi lè bẹ́ nígbà tí a bá kọ́kọ́ ta ọkọ̀ jí. Awakọ̀ á ní, "Ó dára lánàá." Kò dára lánàá. Ó ti ń làágùn láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni.

Òógùn yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́. Hóòsì kì í ṣàdédé bẹ́. Rọ́bà á kọ́kọ́ gan, á wá sán wẹ́wẹ́ níbi tí irin ti fún un mọ́ra, ọ́ìlì á máa yọ díẹ̀díẹ̀, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, ibẹ̀ á dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹni tí ó bá fi ìka nù ún yóò rí i pé ó tutù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì sí ẹ̀kán kan nílẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹ́ńjìnnì lítà mẹ́ta àbọ̀ yẹn kì í gbà ju nǹkan bí lítà mẹ́fà ọ́ìlì lọ. Bí hóòsì bá bẹ́ lójú eré, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ kò ní sí nǹkan kan mọ́ nínú rẹ̀. Iná pupa tí ó ní àwòrán kẹ́tùrù ọ́ìlì yóò tàn. Kì í ṣe ìkìlọ̀ pé kí a wá mẹ́káníìkì ní ìlú tí ó kàn nìyẹn o. Ó ń sọ pé kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì níbi tí ẹ wà, kí ẹ fi agbára tí ọkọ̀ ṣì ní yà sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí ẹ rántí pé bíréèkì àti sítíárìn yóò le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú.

Iná jíjó ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì Sienna dùbúlẹ̀ ní ìbú ni. Páìpù gbígbóná tí èéfín ń gbà jáde lọ sí sàlẹ́ńsà, ọ̀kan nínú rẹ̀ kọjú sí rédíétọ̀ gan-an, níbi tí àwọn hóòsì wọ̀nyí ń gbà kọjá. Irin yẹn lè gbóná débi pé ọ́ìlì tí ó bá tú sí i lára yóò gbiná láìsí ẹni tí ó ṣá ìṣáná sí i. Èrò méje ni ó wà nínú ọkọ̀, nígbà mìíràn wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní báyìí, ẹ̀yin mẹ́káníìkì, ẹ má bínú sí wa. Ẹ gé ibi tí ó jò, ẹ ki hóòsì omi bọ àárín rẹ̀, ẹ fi kílíìpù méjì fún un, ẹ ní ó parí. Kò parí. Rọ́bà tí wọ́n ṣe fún omi kò lè bá ọ́ìlì gbé. Ó ń mu ún ni. Bí ó bá ti ń mu ún ni ó ń wú, tí ó ń rọ̀ bí ẹ̀kọ tí omi wọ̀, títí kílíìpù yóò fi gé e tàbí kí ó yọ kúrò lẹ́nu irin. Irin tí ẹ gé náà kò ní òkè ní ẹnu tí yóò fi di hóòsì mú, ó ń dán ni. A tún ti rí àwọn tí wọ́n fi tíúbù táyà wé e, tí wọ́n sì da gọ́ọ̀mù lé e lórí. Ìyẹn kò yẹ kí a máa sọ létí ọmọ iṣẹ́.

Kì í ṣe gbogbo hóòsì ni ó dọ́gba, a gbọ́dọ̀ sọ èyí kí a má baà kó gbogbo ènìyàn sínú wàhálà owó. Hóòsì ọ́ìlì gíá tí ó ń lọ sí ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ kò ní agbára tó ti ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá rí hóòsì tuntun tí a kọ ọ́ sí lára pé ti ọ́ìlì ni, tí ẹnu irin méjèèjì ṣì ní òkè tirẹ̀, tí kílíìpù sì dára, iṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kí a ra odindi páìpù rẹ̀ pẹ̀lú irin tí wọ́n ti fún mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́. Bí a kò bá rí i ní Ládípọ̀ tàbí ní Géètì ní Ìbàdàn, kí a gbé ẹnu irin àtijọ́ lọ bá àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fún hóòsì katapílà àti típà, kí wọ́n fi hóòsì ọ́ìlì tí ó lè gba ooru bá wa ṣe é. Bẹ́líjọ́ọ̀mù kò dára níbí. Rọ́bà tí ó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìlú òyìnbó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ tán kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Nígbà tí ẹ bá ń tú u, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Sípánà méjì ni kí ẹ lò, ọ̀kan di ọrùn ibi ìtutù mú, ọ̀kan tú nọ́ọ̀tì, nítorí bí ẹ bá fi ẹyọ kan lọ́ ọ, ọrùn náà á yí, ẹ ó sì wá ra nǹkan méjì dípò ọ̀kan. Ẹ pààrọ̀ wọ́ṣà. Ẹ wò ó kí hóòsì má fara kan irin kankan tí yóò máa ha á. Ẹ da ọ́ìlì sí i, ẹ ta á jí, kí ó máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ sì fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wò ó bóyá ó ń jò, ẹ má fi ọwọ́. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti lọ tí ó ti bọ̀, ẹ tún ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan sí i.

A lè fẹ́ dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n hóòsì nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ wa. Ọkọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan wà tí ó pààrọ̀ hóòsì ọ́ìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù márùn-ún. Méjì àkọ́kọ́, hóòsì omi ni. Ẹ̀kẹta, ó lọ sọ́dọ̀ àwọn oníhóòsì típà, wọ́n ṣe é dáadáa, èyí tí wọ́n hun wáyà irin sí nínú. Òun náà jóná ní ẹnu, ó sì tú ọ́ìlì dà sí ojú ọ̀nà lẹ́yìn Ògèrè, ẹ́ńjìnnì sì kú. Àpò ara rẹ̀ ni ó ti san owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti sọ fún ọlọ́kọ̀, èsì tí ó gbà ni pé, "Ìwọ ni ò ń wà á." Wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kí ó san owó ẹ́ńjìnnì, ó sì fi oṣù mẹ́rin jókòó sílé. Nígbà tí àwọn ọ̀gá ní ẹ̀ka wa wo abẹ́ ọkọ̀ náà, wọ́n rí i pé wáyà ẹ́ẹ̀tì tí ó yẹ kí ó so ẹ́ńjìnnì mọ́ bọ́ọ̀dì kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó sọ gíá kalẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú kò dá a padà.

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa dáadáa. Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó lé. Rọ́bà kì í gbé iná. Iná tí ó bá jáde láti ẹnu bátìrì kan gbọ́dọ̀ padà sí ẹnu kejì, ọ̀nà tí ó sì yẹ kí ó gbà padà ni wáyà ẹ́ẹ̀tì, láti ẹ́ńjìnnì sí bọ́ọ̀dì, láti bọ́ọ̀dì sí bátìrì. Sítáátà nìkan lè fa iná tí ó ju áńpíà 100 lọ nígbà tí ó bá ń yí ẹ́ńjìnnì. Bí wáyà yẹn bá já, tàbí tí ó ti jẹrà, tàbí tí panẹbítà ti kun pẹ́ńtì sí abẹ́ nọ́ọ̀tì rẹ̀, ṣé iná yóò jókòó sílé ni? Yóò wá ọ̀nà mìíràn. Yóò gba inú kébùlù gíá, yóò gba inú kébùlù tọ́rọ́tù nínú ọkọ̀ tí ó bá ní in, yóò sì gba inú hóòsì onírin tí ó lọ láti ẹ́ńjìnnì sí ibi ìtutù tí wọ́n dè mọ́ bọ́ọ̀dì. Wọn kò ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbóná, rọ́bà á jó láti inú wá, hóòsì á bẹ́, a ó sì máa bú ẹni tí ó tà á fún wa. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ọkọ̀ tí ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò dára kì í dákẹ́. Ẹ ta á jí, á kàn dún "kọ́". Ẹ tan iná iwájú, wáípà á máa rìn bí arúgbó. Ẹ tẹ íńdíkétọ̀, iná mìíràn ni yóò máa ṣẹ́jú. Ọwọ́ tí ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó á fò sókè bí ẹ bá tan iná, á sì wálẹ̀ bí ẹ bá pa á. Lórí ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ríwáyà kan ti ta bátìrì tuntun fún wa, wọ́n ta áltánétọ̀, wọ́n sì dé orí bréìnbọ́ọ̀sì, nígbà tí ó jẹ́ pé nọ́ọ̀tì kan ni a kò fún dáadáa.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ gbé mítà sí fóòtì, ẹ fi ẹnu kan kan orí òjé bátìrì ti máínọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, kì í ṣe kílíìpù orí rẹ̀, ẹ fi ẹnu kejì kan irin ẹ́ńjìnnì tí ó mọ́, kí ẹnì kan sì ta ọkọ̀. Bí ohun tí mítà kọ kò bá ju 0.2 lọ, ẹ́ẹ̀tì dára. Bí ó bá ju 0.5 lọ, a kò gbọ́dọ̀ ra ohunkóhun mọ́ títí a ó fi tún ẹ́ẹ̀tì ṣe. Ẹni tí kò ní mítà, kí ó mú kébùlù tí a fi ń ya iná bátìrì, kí ó so ẹnu kan mọ́ máínọ́ọ̀sì, kí ó so èkejì mọ́ irin ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ tí ó ti ń lọ́ra bá jí wàràwàrà, ẹ ti rí olè náà.

Bí a ó bá tún un ṣe, ẹ kọ́kọ́ tú máínọ́ọ̀sì bátìrì. Ẹ ha pẹ́ńtì àti ìpẹtà kúrò títí irin yóò fi dán. Ẹ fi wáyà tí ó nípọn bí ti bátìrì so ẹ́ńjìnnì mọ́ bọ́ọ̀dì. Ẹ má lo wáyà iná fìtílà, sítáátà yóò yan án bí àgbàdo. Ẹ fún un le, lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó fi gíríìsì bò ó. Ìgbà tí a bá ti fún un tán ni gíríìsì ń wá o.

Ohun tí ó ń bí wa nínú jù ni pé mẹ́káníìkì ń sọ pé wáyà kì í ṣe iṣẹ́ òun, ríwáyà ń sọ pé ọ́ìlì kì í ṣe iṣẹ́ òun, ọkọ̀ sì wà láàárín àwọn méjèèjì bí ọmọ tí kò ní ìyá. Ẹni tí ó bá sọ gíá kalẹ̀ ni kí ó dá wáyà ẹ́ẹ̀tì padà, kò nílò kí ó pe ẹnikẹ́ni. Ríwáyà tí ó bá sì rí hóòsì tí ó jóná, kí ó lanu sọ̀rọ̀. Ìyà tí ó ń jẹ awakọ̀ kò mọ ààlà iṣẹ́.

A wá dé orí owó. Àwọn ọlọ́kọ̀ ní àwíjàre, a kò ní sọ pé wọn kò ní. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí wọ́n sì tú náírà sílẹ̀ lọ́jà ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, kò sí ohun tí ó wà ní ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ opó, àwọn kan jẹ́ tíṣà tí ó fi gbogbo owó ìfẹ̀yìntì ra ọkọ̀ kan ṣoṣo. A mọ̀ wọ́n, àwọn kan jẹ́ ẹbí wa. Ṣùgbọ́n ní gáréèjì tiwa, owó hóòsì tí ó dára kò ju owó délífárì ọ̀sẹ̀ kan lọ, wáyà ẹ́ẹ̀tì kò sì tó ti ọjọ́ kan. Ẹni tí ó gba délífárì lójoojúmọ́ ni ọkọ̀ jẹ́ tirẹ̀, tirẹ̀ náà ni ohun tí ó wà nínú ọkọ̀. Awakọ̀ kò ní ẹ́ńjìnnì, kò lè tà á, wọn kò sì ní jẹ́ kí ó mú un lọ ní ọjọ́ tí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Báwo ni yóò ṣe wá jẹ́ pé òun ni yóò máa ra páàtì sí i?

Ti awakọ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì wò ní àràárọ̀, kí èrò tó wọlé. Ẹni tí ó bá rí iná pupa tí ó sì ń sáré lọ nítorí kí ó má baà pàdánù tọ́ọ̀nù rẹ̀, ẹ̀ka kò ní bá a bẹ ọlọ́kọ̀. A ti sọ ọ́ fún àwọn kan lójúkojú.

Ohun tí a ń béèrè nìyí, a ó sì gbé e wá sí ìpàdé oṣù tí ó ń bọ̀ kí ẹ dìbò lé e lórí. Kí ẹ̀ka ra mítà méjì láti inú owó tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí ọmọ ẹgbẹ́ èyíkéyìí lè yá a láìsanwó. Kí ìwé kékeré kan wà tí awakọ̀ yóò kọ ohun tí ó rí sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó rí i, kí ọlọ́kọ̀ fọwọ́ sí i pé òun ti gbọ́. Ọlọ́kọ̀ tí ó bá fọwọ́ sí i tí kò sì ṣe nǹkan kan láàárín ọjọ́ méje, kí awakọ̀ gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wá sí ọ́fíìsì ẹ̀ka, kí ẹ̀ka sì dúró tì í. Ní ti ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ́ńjìnnì kú mọ́ lọ́wọ́, ìgbìmọ̀ ti rán ẹni mẹ́ta lọ bá ọlọ́kọ̀ náà sọ̀rọ̀. Hóòsì tí ó jóná àti àwòrán ibi tí wáyà kò sí wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí wọn, kí ó wá sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán.